Jandira Ò Sá fún Kurupira

Jandira jí láàárọ̀. Ó gbọ́ igbe lábẹ́ ilé wọn, tó dúró lórí òpó.

"Wín-ín! Wín-ín!"

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni. Bọ̀dá Nonato, àbúrò màmá Jandira, ló mú un so mọ́ òpó.

"Tó bá dọjọ́ ọdún, ó dọbẹ̀," ni Bọ̀dá wí.

"Ìyá ẹ̀ ń wá a. Ẹ dá a padà."

"Ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú o." Bọ̀dá wọ ọkọ̀, ó lọ pẹja.

Ṣé Jandira gbà? Kò gbà rárá. Ó tú okùn, ó gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó wọgbó lọ.

Fíìì! Ta ló súfèé yẹn?

Ọ̀nà lọ́ pọ̀. Jandira wolẹ̀, ó rí ojú ẹsẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ náà ń lọ, àmọ́ ẹni tó ni ín ń bọ̀.

Kurupira ni, olùṣọ́ igbó. Irun rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn.

"Olè!" ni Kurupira wí. "O jí ọmọ igbó gbé."

Jandira rántí ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà: "Ta okùn igbó ní kókó, kí o jù ú sí Kurupira. Kò lè rí kókó kó má tú u. Bó bá ti ń tú u, sá lọ."

Ó ta kókó kan, ó ta méjì, ó ta mẹ́ta. Ó jù ú.

Kurupira jókòó. Ó ń tú u, ó ń tú u.

Àmọ́ Jandira ò sá. Ó jókòó tì í.

"Kí ló dé tí o ò sá?" ni Kurupira bi í.

"Èmi kọ́ lolè. Mo wá dá a padà ni. Mi ò ní kúrò níbí títí ìyá ẹ̀ máa fi dé."

Kurupira wò ó títí. Ó dìde, ó lu gbòǹgbò igi ńlá.

Gbì! Gbì! Gbì!

Hún, hún, hún. Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ dé. Ọmọ rẹ̀ sá bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Fíìì! Ọ̀nà ilé bá tọ́ gbọnrangandan.

Bọ̀dá Nonato ti dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn. "Ẹran mi dà?"

"Mo ti dá a padà. Tẹ́ ẹ bá mú òmíràn wá, màá dá ìyẹn náà padà."

Bọ̀dá fẹ́ bínú. Gbì! Gbì! Gbì! ló dún nínú igbó.

Bọ̀dá wolẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ kékeré wà nínú ẹrẹ̀, ó kọjú sí igbó.

"Ó ti lọ," ni Bọ̀dá wí.

Jandira mi orí. "Rárá o, Bọ̀dá. Ó ń bọ̀ ni."

Lọ́jọ́ ọdún, ẹja àti gààrí ni gbogbo wọn jẹ. Bọ̀dá Nonato ló sun ẹja náà.