Ìró Ẹlẹ́yẹlé

Ìnàkí ló kọ́kọ́ rí Gàníyù, kì í ṣe Táwà.

Táwà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gé, ó pọn ìnàkí náà, Málọmọ́, sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Kó tó yíjú sí ọkùnrin tó gbé páálí mílíìkì wọlé tó ń kí i, ọwọ́ gígùn onírun kan ti yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti já fìlà gbà lórí àlejò.

"Hẹ̀ẹ́! Ẹ gbà mí o! Fìlà bàbá mi nìyẹn!"

Ma Korto, obìnrin Kpelle tó ń se oúnjẹ àwọn ẹranko, pàtẹ́wọ́. "Da so she can do! She like fine cap!"

"Ẹ má fà á o," ni Táwà wí, ẹ̀rín ti ń pa á. "Bí ẹ bá fà á, á fà á ya. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Báwo lènìyàn ṣe ń ṣe bí ẹni tí ò fẹ́ fìlà ẹ̀ mọ́?"

"Ẹ máa wò mí."

Ló bá ń wò ó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, kò rántí fìlà mọ́ lóòótọ́.

Akọ̀wé ni Gàníyù nílé iṣẹ́ kan tó ń gba ẹrù jáde ní Freeport, èbúté Monrovia ní ilẹ̀ Liberia. Ọmọ Èjìgbò ni, ó ga, ó sì lẹ́nu. Ọmọọṣẹ́ ló yẹ kó gbé mílíìkì náà wá, àmọ́ ó ti gbọ́ nípa àwọn obìnrin tó ń tọ́ ọ̀bọ, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí i. Nígbà tó ń lọ, Táwà ní kó dúró gba fìlà.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún un," ni Gàníyù wí. "Màá padà wá gbà á lọ́jọ́ Àìkú."

Ọjọ́ Àìkú pé, ó dé. Kò gba fìlà. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọdún 1974 nìyẹn, nígbà tí ọ̀nà tó kọjá ELWA Junction ṣì kún fún igi ọ̀pẹ, tí ènìyàn lè rìn títí kó má pàdé ju kẹ̀kẹ́ kan lọ. Ẹ óò yà sí ọ̀nà amọ̀ pupa, ẹ óò gbọ́ igbe kí ẹ tó rí ọgbà. Kò sí kìnnìún níbẹ̀, kò sí ọ̀nì. Edun, ìjímèrè àti ìnàkí nìkan ni. Obìnrin méjì ló dá a sílẹ̀: Táwà, ọmọ Sìdíkàt oníṣòwò aṣọ ní ọjà Waterside, àti Àǹtí Dorothy Àlùkò, tíṣà ọmọ Abẹ́òkúta.

Ìbejì ni Àǹtí Dorothy. Táíwò rẹ̀ ti kú láti kékeré, wọ́n sì ti kọ́ ọ nílé wọn pé ẹbí ìbejì ni edun, ìbejì kì í fẹnu kan ẹran rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní Rally Time Market, ó bá edun tí wọ́n ti yan gbẹ lórí tábìlì ẹlẹ́ran, ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà. Tíṣà tí gbogbo ọmọ iléèwé ń bẹ̀rù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà, ó bú sẹ́kún. Táwà tó wá ra ata ló dúró tì í. Àwọn méjèèjì jọ ra ọmọ edun náà ni. Ọ̀kan di méjì, méjì di ogún. Àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, bí ọgbà ṣe délẹ̀ nìyẹn.

Málọmọ́ ló ṣòro jù nínú wọn. Ọdẹ ti pa ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé, orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dákú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àǹtí Dorothy ní bí ọmọ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, orúkọ là ń fi bẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ogójì ọjọ́ ni Táwà fi pọ̀n ọ́n, kò sọ̀ ọ́ àfi tó bá fẹ́ kírun.

Ìró kan ṣoṣo ló fi ń pọ̀n ọ́n: àǹkárá aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹlé funfun lára. Bẹ́ẹ̀lì kan péré nínú aṣọ náà ló wọ Monrovia, ìṣọ̀ ìyá Táwà ló sì gbé e. Àwọn tó ń ṣe é kò tún tẹ irú rẹ̀ mọ́. Ọ̀pá mẹ́fà tó kù, Sìdíkàt tì í mọ́ inú àpótí.

"Màmá, ẹ fún mi níyẹn. Tọwọ́ mi ti ń gbó."

"Kí ọ̀bọ tún máa tọ̀ sí i? Kò ṣeé ṣe." Ó pòṣé. "Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Ẹgbẹ́ rẹ ń pọn ọmọ, ìwọ ń pọn ọ̀bọ. Ẹ wá wo ọmọ-ọmọ mi o, ó nírù lẹ́nu!"

"Màmá, ìnàkí kì í nírù."

"Irùngbọ̀n ni mo ń wí!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Táwà tọrọ aṣọ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ̀ kọ̀.

Bó ti wù kí Málọmọ́ dàgbà tó, kò sẹ́ni tó lè mú un kúrò ní yàrá rẹ̀ láìsí ìró ẹlẹ́yẹlé. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, á wá, á yí ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ibi tí wọ́n bá gbé e lọ, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láìsí ìró náà, á bu ènìyàn jẹ. Àpá eyín rẹ̀ wà lápá Ma Korto.

Gàníyù mọ èyí. Kí ni Gàníyù kò mọ̀ nínú ọgbà yẹn? Odindi ọdún kan ló fi ń wá lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ó mọ̀ pé abẹ́ ìkòkò omi ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Àwọn ìjímèrè kì í pariwo lé e mọ́. Bó bá ti yọ lókèèrè, Táwà á pariwo, "Onífìlà dé!" Málọmọ́ á sì sáré lọ jókòó lé koríko tó kó fìlà náà pamọ́ sí.

"Ọkàn mi," ni Gàníyù máa ń pe Táwà. "Adúmáradán mi."

Bí Táwà bá ti gbọ́ ọ, á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò fi bò.

Nígbà tí ọdún Iléyá kù díẹ̀, Gàníyù lọ sílé ní Èjìgbò lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ó padà dé, ó mú Táwà rìn lọ sí Slipway, wọ́n jókòó lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Kí ni Ìyá wí?"

"Inú wọn dùn." Ó ń fi ọ̀pá fa ilẹ̀. "Wọ́n kàn ní obìnrin tó bá ń pọn ìnàkí, ọmọ ènìyàn kì í fẹ́ wá sẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí ìnàkí bá ti kúrò níbẹ̀, kí n máa mú ìyàwó bọ̀."

"Ìwọ náà ńkọ́? Ohun tí o rò nìyẹn?"

"Èmi? Èmi tí ìnàkí jẹ ní gbèsè fìlà!" Ó rẹ́rìn-ín, Táwà náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó rántí pé Gàníyù kò dá òun lóhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó tọrọ ìró ẹlẹ́yẹlé.

"Fún mi, kí n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Kí n máa gbóòórùn rẹ kó tó di ọjọ́ ìdána."

"Òórùn Málọmọ́ ló wà lára ẹ̀, ìwọ ọkùnrin yìí!"

"Tìrẹ náà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré."

Ó fún un. Àǹtí Dorothy gbé ojú sókè nídìí ìwé ọmọléèwé tó ń máàkì. "Ìró Málọmọ́ lo fún un?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, Àǹtí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Sìdíkàt ní àfi kí Táwà bá òun dé mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n sì jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìyá ti tu ọmọ lójú báyẹn. Ó fi ẹran tó dára jù sínú àwo rẹ̀. Àǹtí Dorothy wà níléèwé. Ma Korto lọ ra ẹ̀gẹ́, bó ti máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ìgbà tí Táwà ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló rí Ma Korto tó ń sáré bọ̀, ọwọ́ lórí.

"Táwà-o! The door open! Málọmọ́ not there! Who tief my pekin?"

Wọn kò fọ́ ìlẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ kò sí nílẹ̀. Kò sí ẹnì kankan ládùúgbò tó gbọ́ igbe.

Gàníyù bá wọn wá a. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi tẹ̀ lé Táwà. Wọ́n dé Slipway, wọ́n dé Rally Time, òun fúnra rẹ̀ ló ń bi àwọn ẹlẹ́ran léèrè. Nígbà tí ẹsẹ̀ Táwà kò gbé e mọ́, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu omi lójú rẹ̀. "Ọkàn mi, bóyá igbó ló padà sí."

"Igbó tí kò mọ̀?" ni Àǹtí Dorothy wí. Nígbà tí Gàníyù lọ tán, ó sún mọ́ Táwà. "Ìró yẹn dà?"

"Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó sọ fún mi lánàá."

"O rí i níbẹ̀?"

"Àǹtí! Nítorí pé ẹ̀yin kò lọ́kọ, ẹ fẹ́ ba tèmi jẹ́?"

Àǹtí Dorothy kó ìwé rẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé ní Rally Time, wọn kò jà rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdána, ní pálọ̀ Sìdíkàt. Bàbá Mùkáílà, àbúrò bàbá Gàníyù, ló ṣáájú àwọn àna. Àǹtí Dorothy wá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n gbé àpótí aṣọ ka iwájú, Ìyá Fàósátù tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ṣí i, ó ń gbé aṣọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ilé rí i.

"Léèsì rèé! Aṣọ òkè rèé! Ẹ wo èyí, àǹkárá ẹlẹ́yẹlé! Ọkọ yìí mojú aṣọ o!"

Aláwọ̀ ewé ni, ẹyẹlé funfun lára. Tuntun ni. Ọ̀pá mẹ́fà.

Táwà fọwọ́ pa aṣọ náà. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí aṣọ yẹn ti wá fún un.

"Màmá," ló wí. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ilé bá yíjú sí i. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọrọ aṣọ yìí lọ́wọ́ yín. Kí ló dé tí ẹ fi fún Gàníyù?"

"Ó... ó ní òun fẹ́ fi rọ́pò èyí tó gbà lọ́wọ́ rẹ ni."

"Rọ́pò kẹ̀? Tèmi wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀." Ó kọjú sí ọkọ ìyàwó. "Àbí kò sí níbẹ̀ mọ́? Gàníyù, ìró mi dà?"

Gàníyù wo Sìdíkàt. Sìdíkàt wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni Táwà rántí ẹran tó dára jù nínú àwo lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Málọmọ́ sọnù.

"Màmá, ẹ mọ̀ sí i."

"Ọmọ ni mo fẹ́ kó o bí!" Sìdíkàt bú sẹ́kún. "Ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù," ni Bàbá Mùkáílà wí. "Ìyàwó, ṣé nítorí ọ̀bọ la ṣe fẹ́ tú ìdána ká?"

"Kì í ṣe nítorí ọ̀bọ, Bàbá." Ohùn Táwà kò ròkè. "Ó bá mi wá a. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá mi wá a. Ó nu omi lójú mi."

Táwà pa àpótí náà dé, ó tì í padà síwájú àwọn àna. Lẹ́yìn náà ló lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi."

"Dìde," ni Àǹtí Dorothy wí, ó ti fà á lọ́wọ́. "Àwọn ọmọ kò tíì jẹun."

Lọ́jọ́ Àìkú, Gàníyù dé ẹnu géètì. Kò dé fìlà. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Òyìnbó kan tó ń padà sílùú wọn ló fẹ́ ẹ, ó ní ọgbà ńlá," ló wí. "Wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́. Láti Robertsfield ni ọkọ̀ òfuurufú ti gbé e, lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an. Táwà, nítorí tiwa ni mo ṣe ṣe é. Ìyá mi kì bá tí gbà láéláé."

"Ṣé ó ké?"

"Táwà..."

"Mo ní, ṣé ó ké?"

Gàníyù gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kò ké. Mo tẹ́ ìró náà sílẹ̀, ó yí ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì gbá mi lọ́rùn mú. Ó rò pé ọ̀dọ̀ rẹ là ń lọ."

Táwà di irin géètì mú. Ó ṣì fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ohun tó dun ún jù nìyẹn.

"Bí èmi náà ṣe tẹ̀ lé ọ nìyẹn," ló wí. "Èmi náà ò ké."

Ó yíjú, ó wọ yàrá Málọmọ́, ó tú koríko tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó jáde, ó gbọn fìlà náà mọ́ itan, ó sì nà án sí Gàníyù láti àárín irin géètì. Láti ọdún kan ó lé tí ìnàkí ti ń sùn lé e, kò ya, okùn kan kò já lára rẹ̀.

"Fìlà bàbá rẹ rèé," ni Táwà wí. "O ò tún ní nǹkan kan tí wàá wá gbà níbí mọ́."