Kátífà Tó Wọ Lọ́rì Lọ Sílé

"Ẹ bọ́ bàtà, Máì Kwánò, kí ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀. Bí ẹ ṣe ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yẹn, ṣé àpò gààrí lẹ fẹ́ rà ni?"

Lááwàlì tó ń rán kátífà ní Dilimi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Gideon ló ń bá wí. Máì Kwánò ni àwọn Haúsá ọjà Jos ń pè é nítorí abọ́ tánganran tó ń tà. Ìyá Gideon wo ojú ọmọbìnrin rẹ̀, Olúyẹ́misí, bíi pé kó gba òun lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Olúyẹ́misí ń rín.

"Màmá, ẹ dùbúlẹ̀ jàre. Ta ló mọ̀ yín níbí?"

"Gbogbo Dilimi ló mọ̀ mí."

Síbẹ̀ ó bọ́ bàtà, ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó dùbúlẹ̀. Òwú àràbà ni Lááwàlì kì sínú kátífà náà títí tó fi kún dáadáa. Aṣọ aláàlà pupa àti funfun ló fi rán an, ìrán rẹ̀ sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Gideon na ẹsẹ̀. Ó pa ojú dé. Ó mí èémí kan tí Olúyẹ́misí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bíi ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Háà," ni Ìyá Gideon wí. "Ẹ̀yìn mi."



Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 ni. Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san lápapọ̀, ti dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ń ra rédíò ń rà á, ẹni tó ń ra alùpùpù ń gùn ún káàkiri ìgboro kí àwọn èèyàn lè rí i. Gideon, àkọ́bí Ìyá Gideon, jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Kaduna. Kò ra rédíò, kò ra alùpùpù. Ó wá sí Jos, ó kó owó náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ lọ bá Lááwàlì, ẹ ra kátífà tó dáa. Ẹ ra kúbùsù tó nípọn. Kí ẹ sì pe káfíńtà kó wá ṣe fèrèsé yàrá yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

"Mo ti ní mo fẹ́ gbé e lọ síbì kan ni?"

"Mo mọ̀ yín, Màmá."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, gbogbo èrè orí abọ́ ló ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ni Ìyá Gideon ń kọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Bí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Jos ṣe ń ṣe nìyẹn: wọn á há ara wọn mọ́ yàrá kan nílé onílé, wọn á máa fi ìyà jẹ ara wọn, kí wọ́n lè kọ́ ilé tí wọn á sùn nínú rẹ̀ nígbà Kérésì nìkan. Ẹni tí kò bá ní ilé nílé kò lè gbẹ́nu sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé Ìyá Gideon ti parí tán, ó ku fèrèsé. Páànù ni wọ́n kàn bo ojú fèrèsé náà.

Ní Tudun Wada ní Jos, níbi tí òun àti Olúyẹ́misí ń gbé ńkọ́? Ẹní ni wọ́n ń tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ìró gbígbó ni Ìyá Gideon fi ń bora. Pákó fèrèsé wọn ti ya, àpò ni wọ́n fi dí i. Òun tó ń ta abọ́ tuntun lójoojúmọ́, inú abọ́ tó ti bó tí oníbàárà kò rà ló ti ń jẹun. Ẹni tó bá sì mọ Jos mọ irú òtútù tó máa ń mú níbẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀ sórí kátífà Lááwàlì, tí ojú rẹ̀ sì pa dé, ọkàn Olúyẹ́misí lọ sí Kérésì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán nílé. Jos ni wọ́n bí i sí. Haúsá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, àwọn ọmọ agboolé ìyá rẹ̀ a sì máa fi ìyẹn yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí burú jù. Péjú, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, dúró níwájú ilé wọn, ó na ọwọ́ sí àwọn páànù náà.

"Ẹ wá wo ilé afọ́jú! Gàm̀bàrí ti ti Jos dé, inú ilé afọ́jú ló wọ̀ sí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bá Olúyẹ́misí dé Jos, kò sì tíì kúrò létí rẹ̀.

"Màmá," ló wí, "fèrèsé ilé ńkọ́?"

Ìyá Gideon la ojú. "Fèrèsé wo?"

"Ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé bí a ó ṣe tún lọ ṣe Kérésì tó ń bọ̀ nìyẹn? Ilé afọ́jú ni Péjú ń pè é. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Péjú ọmọ Bàbá Akínladé? Ilé afọ́jú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá Gideon jókòó. Ó fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó tún yíjú padà, ó fọwọ́ pa orí kátífà náà.

"Gíláàsì ni a ó fi sí i," ló wí. "Kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n Gideon ní kí n ra kátífà, n ó sì rà á. Lááwàlì, bá mi rán àpò bò ó kí eruku má wọ̀ ọ́. Ó ń wọ lọ́rì lọ sílé."

Lááwàlì bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Máì Kwánò! Jos ni òtútù wà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni kátífà ń lọ? Ta ni yóò máa sùn lórí ẹ̀ níbẹ̀, aláǹgbá?"

"Èmi ni. Inú ilé tèmi ni n ó ti sùn lórí ẹ̀. Kí n ra nǹkan olówó ńlá sínú ilé onílé, kó lé mi jáde lọ́la?"

"Kó tó lé yín jáde, ẹ ò ní sùn ni?"

Ìyá Gideon tú etí ìró rẹ̀, ó ń ka owó.

"To, ó dáa," ni Lááwàlì wí. "Ẹ̀yin lẹ lowó." Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Inú Olúyẹ́misí dùn. Bó ṣe rí nìyẹn, kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tí yóò fi dára.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bàbá Akínladé, ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé wọ́n ti fi gíláàsì sí gbogbo fèrèsé. Kátífà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, kúbùsù pupa tí wọ́n rà mọ́ ọn sì wà lórí rẹ̀. Òun ti ti yàrá náà pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun. Ìyá Gideon sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá ra abọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Samson, ọ̀rẹ́ Gideon, ń ti Kaduna kọjá ní Jos, ó sì yà sílé wọn. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Gideon ní kí n bèèrè. Ṣé Màmá ń sùn dáadáa lórí kátífà?"

Olúyẹ́misí fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ kí ó má baà rí inú yàrá.

"Wọ́n ń sùn dáadáa," ló wí.

Ọyẹ́ ọdún náà tètè dé, ó sì le. Afẹ́fẹ́ ń gba ara àpò tó wà lójú fèrèsé wọlé. Kí Kérésì tó dé, ikọ́ ti mú Ìyá Gideon, ó sì ní àwọn kò ní lè lọ sílé lọ́dún náà, ó di Ọdún Àjíǹde. Bí Olúyẹ́misí bá jí láàárọ̀, á bá ìyá rẹ̀ níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó fi ìró wé ara rẹ̀ dé ọrùn. Olúyẹ́misí ní súwẹ́tà ilé ìwé tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ní.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ra kúbùsù kan."

"Kúbùsù ṣebí ó wà nílé."

"Èyí tí a ó máa lò níbí ni mò ń sọ."

"Ká wá ní méjì? Ṣé orí wa pé báyìí? Ọyẹ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀ láìpẹ́." Ikọ́ gbà á, ó wú u títí ó fi di ògiri mú.

Olúyẹ́misí mọ̀ pé ó yẹ kí òun ránṣẹ́ sí Gideon. Ṣùgbọ́n bó bá ránṣẹ́, Gideon á bi í pé kátífà dà. Olúyẹ́misí wá pinnu láti ṣe sùúrù títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó gbájú mọ́ ìwé.

Inú ọjà ni Ìyá Gideon ti ṣubú, láàárín àwọn abọ́ rẹ̀. Lááwàlì àti àwọn ọkùnrin kan ló gbé e dé ọsíbítù. Dókítà ní òtútù àyà ni, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára jìnnà. Ó kọjú sí Olúyẹ́misí.

"Orí kí ni wọ́n ń sùn sí?"

"Ẹní ni, sà."

"Lórí sìmẹ́ńtì? Ní Jos níbí? Ẹ ò lówó kátífà ni?"

Olúyẹ́misí wo ilẹ̀. Lááwàlì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà wo ilẹ̀.

Wọ́n tẹ́ Ìyá Gideon sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da kúbùsù ọsíbítù bò ó. Ó ń fi ìka pa etí kúbùsù náà.

"Yẹ́misí, ó móoru."

"Màmá, tí ẹ bá ti kúrò níbí, n ó ní kí Bàbá Akínladé dá kátífà yẹn padà."

Ìyá Gideon rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kó tún wọ lọ́rì? Lááwàlì á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kú." Ó ń wá èémí. "Ó rọ̀, àbí? Kátífà yẹn. Ó mà rọ̀ o."

Kí Gideon tó ti Kaduna dé, ìyá rẹ̀ ti kú.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Akínladé ṣí yàrá náà. Gíláàsì ń dán, oòrùn gba ibẹ̀ wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì onírin. Kátífà ṣì wà nínú àpò tí Lááwàlì rán bò ó. Bàbá Akínladé kò tú u nítorí eruku. Abẹ ni wọ́n fi já okùn ẹnu rẹ̀. Wọ́n tẹ́ Ìyá Gideon sórí rẹ̀, wọ́n fi kúbùsù pupa bò ó dé àyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sùn lórí rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀ nìyẹn.

Àwọn obìnrin agboolé ń wọlé, wọ́n ń jáde. "Ilé yìí mà dára o! Ìyá Gideon gbìyànjú!" Péjú náà wọlé. Ẹkún ló ń sun, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó di Olúyẹ́misí mú.

"Yẹ́misí, ilé yín ló dára jù ní gbogbo agboolé wa. Màmá yín ṣe é."

Ọdún kan gbáko ni Olúyẹ́misí fi ń retí kí Péjú sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ọ báyìí, kò sì wúlò fún un rárá.

Gideon dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wo àlà pupa àti funfun náà.

"Kátífà Lááwàlì nìyí," ló wí. "Samson ní o sọ pé Màmá ń sùn lórí ẹ̀."

"Mo purọ́ ni, Bùọ̀dá."

"Màmá ló ní kó wá síbí?"

Ó rọrùn láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òkú kò ní já a nírọ́. Ṣùgbọ́n Olúyẹ́misí ti purọ́ tó.

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀ fèrèsé. Wọ́n ti dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Lááwàlì. Wọ́n ti pa ojú dé. Ó ti tù wọ́n lára, Bùọ̀dá. Èmi ni mo jí wọn."

Gideon kò na ọwọ́ sí i, kò pariwo. Ó lọ dúró sídìí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ìbá sàn fún Olúyẹ́misí ká ní ó lù ú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Akínladé mú kọ́kọ́rọ́ jáde láti tún yàrá náà tì. Gideon ní òun ń gbé kátífà àti kúbùsù padà sí Jos.

"Ohun tí a tẹ́ òkú sí? Ṣé kí bẹ́ẹ̀dì wà lófìfo ni?"

"Bàbá, ó ti wà lófìfo tẹ́lẹ̀."

Ní Dilimi, Lááwàlì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tú okùn rẹ̀, ó da òwú náà sórí ẹní nínú oòrùn, ó fi igi nà án títí ó fi wú. Ó wá aṣọ tuntun, ó sì rán kátífà mìíràn tó mọ níwọ̀n èèyàn kan. Kò gba owó iṣẹ́. Gideon ti pe káfíńtà lọ sí Tudun Wada, kó tó padà sí Kaduna, fèrèsé náà ti pa dé.

"Dùbúlẹ̀," ni Lááwàlì sọ fún Olúyẹ́misí. "Kí a mọ̀ bó ṣe rí."

Ó bọ́ bàtà. Ó dùbúlẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Òwú náà gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ rí lọ́jọ́ yẹn tó fi mí bẹ́ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú etí. Lááwàlì kọjú sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò jí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí owó bá wọlé, ara tó wá owó náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tọ́jú. Ẹ ra ibùsùn tó dára, ẹ ra aṣọ òtútù tó nípọn, ẹ tún fèrèsé yín ṣe, kí ẹ sì lò wọ́n níbi tí ẹ ń gbé lónìí. Ìyẹn kì í ṣe ìnákúnàá. Èyí tí a rà nítorí ẹnu Péjú ni ìnákúnàá, bó ti wù kó dán tó.

Ilé náà ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gíláàsì rẹ̀ ń dán. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ tó ń gbà á wo ìta.