Igba Ẹnu Lórí Fáìlì Kan

Bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ṣe já wọ yàrá iṣẹ́ àwọn tó ń ṣírò ojú ọjọ́. Orí àtẹ̀gùn ni okùn bàtà rẹ̀ ti já.

"Ta ló ń ṣírò òjò níbí?"

Obìnrin tó ń kọ ètò ìṣirò náà gbójú sókè. "Èmi ni. Ẹ kọ́kọ́ kí èèyàn ná."

Ọkùnrin náà ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń kó fáìlì sí. "Ẹ káàárọ̀ o. Igba kọ̀ǹpútà lẹ pín iṣẹ́ yín fún. Àwọn igba náà ló jọ ń ka fáìlì òjò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fẹ́ pa ẹ̀rọ mi!"

Wọ́n jọ jókòó tì í títí di ọ̀sán. Wọ́n tún ètò náà kọ: kọ̀ǹpútà kan ni yóò ka fáìlì, yóò sì pín in fún àwọn yòókù. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta di ogún ìṣẹ́jú.

"Kò burú," obìnrin náà wí.

"Ṣé ètò yẹn ni àbí èmi?"

"Ẹ lọ wọ bàtà yín."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jẹun pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, obìnrin náà mú un lọ sílé àwọn òbí rẹ̀.

Wọ́n ti gbọ́ níbẹ̀ pé ìyàwó ọkùnrin náà ti kú. Ìyá pè é sí kíṣíìnì: "Ọmọ mi, kí ló pa á?" Bàbá pè é sẹ́yìnkùlé, ìbéèrè kan náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́ta fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àbúrò bàbá méjì náà kò gbẹ́yìn.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin náà kò gbé fóònù. Obìnrin náà fìbínú wá a lọ sí yàrá ẹ̀rọ.

"Ṣé o ti rí ẹlòmíì ni?"

"Rárá. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo tún ìyàwó mi sin nílé yín lọ́jọ́ yẹn."

Obìnrin náà jókòó. Ẹnu púpọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo: ohun tí wọ́n jọ tún ṣe nínú ẹ̀rọ nìyẹn, kò sì rí i nínú ilé bàbá rẹ̀. Ojú tì í.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó kó gbogbo ará ilé rẹ̀ jọ sí pálọ̀. "Àrùn ọkàn ló pa ìyàwó rẹ̀, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá tún ní ìbéèrè, èmi ni kó bi."

"Ṣé o ti di lọ́yà ẹ̀ ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí.

"Ìyàwó ẹ̀ ni mo fẹ́ dà."

Bàbá wú ikọ́. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọmọ mi ni ẹ́."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, bàbá. Mo ṣì fẹ́ ẹ."

Bàbá ní, "Pè é kó wá jẹun."

Ọkùnrin náà wá. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àárín oúnjẹ ni òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ìyàwó mi tó lọ ì bá ti bá yín jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ yìí." Ìyá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni ọkùnrin náà kọjú sí obìnrin náà. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ kú, èmi náà ò ní kú, a jọ máa dàgbà ni."

"Àmín," ni bàbá wí, kí ẹnikẹ́ni tó lanu.