Ohùn Tó Ń Dáhùn Lẹ́yìn Ọmọlẹ́yìn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn náà, òwúrọ̀ ni, oòrùn ti là, ìyàwó àbúrò mi sì dúró níwájú mi, ó há píìnì sẹ́nu. Ẹ fi ti píìnì yẹn sọ́kàn. Ẹni tó há píìnì sí ètè kò lè pariwo. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Káfíńtà ni mí. Àbúrò mi ló ń fi ọkọ̀ kó ẹrù fún èmi àti àwọn ẹlòmíràn. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ó-Ti-Yá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán aṣọ àga fún mi ní igun ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan wà tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, Ọmọlẹ́yìn la sọ ọ́.

Bàbá wa ló fi òfin lélẹ̀ pé ẹnì kan kì í dá so Ọmọlẹ́yìn. Awakọ̀ á jókòó, ẹnì kejì á wà lẹ́yìn, á gbé ife irin tó wà lẹ́nu Ọmọlẹ́yìn bo irin róbótó tó wà nídìí ọkọ̀, á tì í pa, á fi gbogbo agbára mì ín. Awakọ̀ á béèrè pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Bí kò bá gbọ́ "Ó ti wọlé!", kò gbọdọ̀ gbéra. Ìyàwó yìí ló máa ń dáhùn. Ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ìgbà tí a fi irin lu irin.

Nígbà tó yá, irin róbótó náà jẹ. Àbúrò mi ra òmíràn, ṣùgbọ́n ó kéré sí ife náà, ó ń mì nínú rẹ̀. Kò dá a padà. Aṣọ ló wé mọ́ ọn títí tó fi há. Ẹ̀wọ̀n tó yẹ kó di Ọmọlẹ́yìn mú bí ife bá yọ ti já tipẹ́, okùn ló fi rọ́pò rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò dáhùn mọ́.

"Ẹ wọ bàtà àgbà fọ́mọdé, ẹ wá fi àkísà dí i níwájú. Èmi ò ní fẹnu mi sọ pé ó wọlé."

"Ìgbà wo lo di mẹkáníìkì? Jókòó ti máṣíìnì rẹ, jàre."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní gun kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́. Ó lọ ń kó ti àwọn ẹlòmíràn.

Ní àkókò yẹn náà ni bẹ́líìtì aṣọ ìyàwó yìí sọnù, ti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó wá a títí. Ó fi okùn so ìbàdí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí bí ìdì igi."

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ píìnì ni. Àbúrò mi ti dá so Ọmọlẹ́yìn níta. Bí ẹni ń ṣàwàdà, ó kígbe pé, "Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé!"

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ni. Ọkọ̀ sì lọ.

Ìyàwó yọ píìnì lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n," ó rọra wí, "ta nìyẹn?"

A jáde. Kò sẹ́nì kankan. Òórùn epo ọkọ̀ nìkan ló kù, ilẹ̀ ibi tí Ọmọlẹ́yìn dúró sí sì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, nínú oòrùn.

Nígbà tí àbúrò mi dé, ó ń yọ̀. "Aya mi, o ṣeun tí inú rẹ ti rọ̀."

"Èmi kọ́."

"Àbí ìyá mi ló jí dìde nínú sàréè?"

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti béèrè, ohùn náà á dáhùn. Bó sì ti ń dáhùn tó ni ohùn ìyàwó fúnra rẹ̀ ń gbẹ. Ó kọ́kọ́ há. Lẹ́yìn náà a ní láti tẹ etí sí i ká tó gbọ́ ọ. Kò wúkọ́, ọ̀fun kò dùn ún. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ ń dún sí i bí irin.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, iṣẹ́ káfíńtà mìíràn, ló dì sórí Ọmọlẹ́yìn. Ó béèrè, a dá a lóhùn. Ìyàwó dìde nídìí máṣíìnì, ó sáré jáde, ó ń na ọwọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wa jẹ́ òkè, ọkọ̀ ti ń gun ún. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó là gbàgà. Mo mọ ohun tó ń sọ: "Ẹ dúró, èmi kọ́." Kò sí ohùn tó jáde.

Ife yọ. Okùn já. Ọmọlẹ́yìn sì yí padà wá sísàlẹ̀, sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo pariwo. Ó pẹ́ jù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo mú sípánà, mo lọ tú irin róbótó náà. Àbúrò mi dúró tì mí. Aṣọ tó wé mọ́ ọn ti dúdú fún epo. Mo fi àtàǹpàkò nù ún. Ó ní àwọ̀ ewé nísàlẹ̀.

"Ohun tó wà nílẹ̀ ni mo mú," ni àbúrò mi wí. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wò ó."

Mo ń tú u lọ. Bí etí aṣọ náà ṣe kúrò lára irin, a gbọ́ ohùn ìyàwó lẹ́yìn wa, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ kó tó di pé ohùn rẹ̀ gbẹ:

"Kò wọlé o."

Àbúrò mi yíjú. Kò sẹ́nì kankan. Títí di òní, bó bá jókòó, ẹ̀yìn ló máa ń wò.

Ohun tó lọ nìyí: ìyàwó kan, kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn mẹ́ta kan, bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé kan.