Etí Gbígbẹ

Orí ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí, gèlè rẹ̀ ti yọ̀ dé èjìká, eruku ọyẹ́ sì ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun. Ìrora ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí gbogbo aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kó tó wá àyè jókòó. Sàlísù, tó ń wẹ egbò ẹsẹ̀ fún baba kan, gbàgbé egbò tó ń wẹ̀.

Ọdún 1953 ni, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ifo, níbi tí Sàlísù ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti ogun Bọ́mà dé.

"Kí ló ṣe ọ́?" ó bi í nígbà tó kàn án.

"Etí mi dí, Bọ̀dá. Àfi bí ẹni pé inú kànga ni mo wà."

"Ta ló rán ọ lọ sínú kànga?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ké "yéè!", nítorí ẹ̀rín náà dun etí rẹ̀. Kúlúsúmù lorúkọ rẹ̀, ará Mowe, ó kó ata wá sí ọjà Ifo.

Sàlísù fi síríńjì rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i létí. Ohun tó jábọ́ sínú abọ́ mú kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdọ̀tí etí àwọn ará wa a máa rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ òwú bí oyin. Ti ọmọ yìí gbẹ fúlẹ́fúlẹ́ bí eèrí. Ẹnì kan ṣoṣo ni Sàlísù tíì rí irú rẹ̀ létí rẹ̀ nílẹ̀ wa, òun alára sì ni. Ní Bọ́mà, onígbàjámọ̀ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ kan tó ń ro etí fún àwọn sójà ti pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ó ní ìran tàwọn ni wọ́n ń ní etí gbígbẹ, ti àwọn aláwọ̀ dúdú a máa rọ̀ ni, àti pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà dé ara ọmọ.

"Wò ó," Sàlísù sọ, "ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Báyìí ni tèmi náà rí."

"Ẹ̀yin náà ń ní ìdọ̀tí etí? Mo ṣe bí òṣìṣẹ́ ìjọba kì í dọ̀tí ni."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Kúlúsúmù ń yà kí i. Sàlísù náà a gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Mowe láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú òógùn. Ó ń pè é ní "elétí mi". Kúlúsúmù náà ń pè é ní "baba eèrí". Ọ̀rọ̀ etí yìí wá di oúnjẹ ẹnu wọn, kò sì sí ẹni tó rò pé ó lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Sàlísù lọ tọrọ rẹ̀. Mùsáfírù, bàbá Kúlúsúmù, ti kú. Lásúnkànmí, àbúrò bàbá náà, ni olórí ilé. Sàlísù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn àgbà bi í pé kí ló rí lára ọmọ àwọn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó yẹ kí ó sọ pé ìwà ni. Ó fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ló bá kó ọ̀rọ̀ etí àti ti onígbàjámọ̀ Bọ́mà kalẹ̀. "Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà," ó ní. "Ẹni tí tiẹ̀ bá ti rí bíi tèmi, ẹbí mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lásúnkànmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ta ni ọ́ ní Ifo?"

"Ọmọ Màmúdù olóbì ni mí, bàbá."

Wọ́n mọ orúkọ náà. Ọdọọdún ni Màmúdù máa ń wá ra obì ní Mowe láyé Mùsáfírù, inú ilé yìí gan-an ló sì máa ń sùn sí.

"Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́," Lásúnkànmí wí. "Ẹbí rẹ ni. Ọmọ bàbá kan ni yín."

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kó ẹrù Sùwéébátù, ìyá Kúlúsúmù, síta. Ó ń búra pé òun kò mọ ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn Mùsáfírù. Wọ́n ní etí ọmọ rẹ̀ ti jẹ́rìí. Inú òjò ló rìn dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ibafo, Kúlúsúmù ru ẹrù tẹ̀ lé e, ikọ́ sì dá ìyá náà dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ibẹ̀ ni Sàlísù bá wọn. Kúlúsúmù kò jẹ́ kó wọlé.

"Ẹ fi etí mi ṣeré, Bọ̀dá. Ẹ wá wo ibi tó gbé ìyá mi dé. Bí ẹ bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún mi kí n sunkún tán. Bí ẹ kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ sọ ọ́ níwájú wọn ní Mowe."

Sàlísù padà sí Ifo, ó ko bàbá rẹ̀ lójú. Màmúdù ní, "Mo sùn nílé Mùsáfírù, mo jẹ iyọ̀ rẹ̀. N kò fọwọ́ kan aya rẹ̀."

"Mo gbà, bàbá. Mowe ni kò ní í gbà." Ó gbé síríńjì, ó wẹ etí bàbá rẹ̀. Ohun tó jáde rọ̀, ó pọ́n, ó lẹ̀ mọ́ òwú. Sàlísù fò sókè. Bí etí bàbá bá rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ ni gbígbẹ Kúlúsúmù ti wá! Ó ti ń wá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tó rí Hàfísátù, ìyá rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo ni tìrẹ wá ti wá?" ni ìyá rẹ̀ béèrè jẹ́jẹ́.

Ó wẹ tìyá náà. Ó rọ̀. Ìdùnnú Sàlísù kú sí i lọ́kàn. Ohun tó máa wẹ ìyá Kúlúsúmù mọ́ ni yóò ba ìyá tirẹ̀ jẹ́. Wọ́n á ní, bí ọmọ kò bá fi etí jọ bàbá, tí kò fi jọ ìyá, ta ló wọlé?

"N kò ní í lọ," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

"Wàá lọ," Hàfísátù dáhùn. "Obìnrin kan ń kú lọ ní Ibafo nítorí ohun tí kò ṣe. Èmi ṣì ní ọkọ tó máa gbèjà mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ sí Mowe. Sàlísù wẹ etí bàbá àti ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ilé, ó ní òun purọ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ní bóyá ẹnì kan tó ti kú kí wọ́n tó tẹ Mowe dó ló fi etí gbígbẹ sílẹ̀ fún ìran méjèèjì, tó fara pamọ́ lára àwọn òbí, tó wá yọjú lára ọmọ. Etí kò mọ ẹni tó sùn ti ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lásúnkànmí wo abọ́ náà títí, ojú tì í, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ sí Ibafo, níbi tí Kúlúsúmù ti ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ̀gbẹ́ ẹní àìsàn ni wọ́n ti so yìgì. Ìbátan bàbá nìkan ló lè fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, Lásúnkànmí ló sì kù.

"Ọmọ ta ni ìyàwó?" Àfáà béèrè.

"Kúlúsúmù, ọmọ Mùsáfírù, ẹ̀gbọ́n mi."

Sùwéébátù gbé orí sókè lórí ẹní. "Tún un wí."

Ó tún un wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá náà padà dùbúlẹ̀. Kò pa dà sí Mowe mọ́ títí tó fi kú lóṣù tó tẹ̀ lé e.

"Ọkọ ńkọ́?" Àfáà tún béèrè. "Sàlísù, ọmọ ta ni?"

Ojú gbogbo èèyàn lọ sára Hàfísátù. Màmúdù fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde tòun ti ẹ̀yìn ríro.

"Ọmọ Màmúdù ni," ó wí. "Èmi ni Màmúdù."