Orin Tí Kò Parí Nínú Àwo

Bàtà rọ́bà ìyá rẹ̀, Kinuyo, ló kọ́kọ́ ta Masumi lólobó pé nǹkan kan ò lọ bó ṣe yẹ kó lọ nínú ilé yẹn. Láti ìgbà tí àwọn igi ti wọ́wé, tí orúnkún ti dá ìyá arúgbó náà jókòó, inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà ni Masumi tọ́jú bàtà náà sí. Àfi bó ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó bá a nílẹ̀, ó kọjú síta bíi bàtà ẹni tó fẹ́ jáde, omi yìnyín sì wà lára rẹ̀. Masumi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá a mu wẹ́kú, nítorí ìwọ̀n bàtà kan náà ni tìyátọmọ ń wọ̀. Inú bàtà náà tutù nini.

“Màmi, ta ló wọ bàtà yín jáde?”

“Bàtà wo?” Ìyá ń bó ọsàn, kò wojú ọmọ. “Bóyá ológbò ni.”

“Ológbò wá ń wọ bàtà rọ́bà báyìí?”

“Nínú ìlú yìí? Kí ni kò lè ṣẹlẹ̀!” Ìyá ki awẹ́ ọsàn kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọ jòjòló lóúnjẹ. “Jẹun, jàre.”

Masumi ti lé ní àádọ́ta ọdún o, ẹ má rò pé ọmọdé ni. Iwájú ilé wọn létí òkun ló ti ń ta kọfí. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ìyá yìí nìkan ló kù ú kù láyé. Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń gbé sùn, tó ń gbé jí, ni pé kí ikú má mú ìyá yìí lọ.

Bàbá rẹ̀, Teruo, ti kú tipẹ́. Òun ni fọ́tò rẹ̀ wà lórí pẹpẹ kékeré inú yàrá, pẹ̀lú jìtá lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó ní àbúrò Masumi ni, nítorí ọmọ ti dàgbà ju bàbá lọ. Teruo máa ń fúnra rẹ̀ kọ orin sílẹ̀, á sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pẹ̀lú jìtá, bí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe. Ẹyọ kan péré nínú orin rẹ̀ ló lókìkí. Nígbà tí Masumi wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló kọ ọ́ fún un, nítorí òun ló máa ń lọ mú un nílé ìwé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. “Dúró dè mí ní géètì, má ṣe bẹ́lòmíì lọ.” Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Rédíò ń kọ ọ́ ṣáá ní gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà. Ìgbà òtútù yẹn gan-an ni Teruo ń lọ mú ọmọ rẹ̀, tí ìjì yìnyín sì bò ó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Masumi dúró ní géètì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò bẹ́lòmíì lọ, ìyá rẹ̀ ló wá fà á kúrò níbẹ̀ tẹkúntẹkún.

Ta ló mọ̀ pé orin náà tún máa jí? Àwọn ọ̀dọ́ Tókíò bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn orin àtijọ́ jáde. Orin tí wọn ò bá láyé ń pa wọ́n lẹ́kún! Bí wọ́n ṣe kan ti Teruo nìyẹn. Orí ìlú wú. Gbohùngbohùn orí òpó, èyí tó máa ń kọrin ní aago márùn-ún kí àwọn ọmọdé lè lọ sílé, orin Teruo ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ sí i, ohùn agogo lásán ni.

Omukae ni orúkọ orin náà. Lédè wọn, ohun tí wọ́n ń pe lílọ mú ọmọ nílé ìwé nìyẹn. Orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe ẹni tó máa ń wá mú arúgbó lọ sọ́run lọ́jọ́ ikú.

“Àwọn ìjọba ìlú yìí ò ro tiwa rárá,” ni Bàbá Genzo wí. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í wá mu kọfí. “Gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa pariwo Omukae létí arúgbó! Masumi, bí wọ́n bá wá mú mi, sọ fún wọn pé mo ti lọ pẹja.”

“Wọ́n á dúró dè yín létíkun ni, Bàbá.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ ò dáa!” Ó rẹ́rìn-ín, ó wẹ̀yìn wò, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé ìyá rẹ ń jáde nírọ̀lẹ́? Mo rí i ní géètì ẹ̀yìn ilé yín, nínú yìnyín. Ó ń tẹrí ba ṣáá, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.”

“Ta ló ń bẹ̀?”

“Ohun tí mi ò rí nìyẹn, ọmọ mi. Mi ò rẹ́nì kankan.”

Ọ̀rọ̀ ti yé Masumi, tàbí kó jẹ́ pé ó rò pé ó yé e. Bàbá òun ti ń bọ̀ wá mú ìyá òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi Bàbá Genzo sílẹ̀ pẹ̀lú kọfí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn wọlé kí aago márùn-ún tó lù. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìdúró, láìsí ọ̀pá, tí bàtà rọ́bà náà ti wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀. Masumi bá gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́: ohùn ọkùnrin ń bẹ lábẹ́ ohùn agogo. Ohùn bàbá rẹ̀ ni.

Ó sáré pa ilẹ̀kùn tó kọjú sí géètì dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì dì mọ́ ìyá rẹ̀.

“Masumi, ṣílẹ̀kùn. Jẹ́ n lọ.”

“Ẹ ò ní lọ! Mi ò lẹ́lòmíì, Màmi. Kò lè mú yín lọ!”

“Ṣílẹ̀kùn, mo bẹ̀ ọ́.” Ìyá na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. “Kò gbọdọ̀ kọjá géètì.”

Masumi kọ̀. Ó mọ orin náà bí ẹní mowó. Nínú àwo orin, kò parí. Wọ́n fa ohùn Teruo sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, títí tó fi parẹ́, bí ẹni tó ń kọrin lọ sọ́nà jíjìn. Ó wá ń retí ibi tí ohùn náà ti máa ń lọ sílẹ̀. Orin débẹ̀. Kò lọ sílẹ̀. Agogo orí òpó dákẹ́, ṣùgbọ́n orin ń lọ. Ti inú àwo ń rìn lọ ni, tòde yìí ń rìn bọ̀.

“Masumi,” ìyá wí jẹ́jẹ́, “ta ni wọ́n kọ orin yẹn fún?”

Masumi fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí ilẹ̀kùn.

“Èmi kọ́ ló wá mú. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ pàdé rẹ̀ ní géètì. Mo máa ń ní, ‘Bàbá Masumi, ẹ jọ̀ọ́, ó ṣì ń ṣeré, ẹ jẹ́ kó ṣeré díẹ̀ sí i.’ Ó máa ń gbọ́, á sì padà. Lónìí…” Ó wo bàtà rọ́bà náà nílẹ̀. “Lónìí, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.”

Yìnyín ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Orin náà ti dé ibi tẹ́nì kankan ò gbọ́ rí láyé yìí. “Mo pẹ́, má bínú. Àwọn yòókù ti lọ tán. Wọ bàtà rẹ.”

Kọ́kọ́rọ́ yí fúnra rẹ̀. Masumi fẹ́ di ìyá rẹ̀ mú, apá rẹ̀ kò gbéra. Ó fẹ́ kígbe pe Bàbá Genzo, ohùn kò jáde. Ìyá ń fà á láṣọ, ó ń bẹ̀, ó ń tẹrí ba síhà ilẹ̀kùn títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Masumi ti ń ki ara rẹ̀ bọ bàtà rọ́bà ìyá rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tó sì bani lẹ́rù jù ni pé inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti dúró pẹ́ jù ní géètì ilé ìwé yẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Bàtà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ó ti tóbi jù fún un, bíi bàtà àgbà lẹ́sẹ̀ ọmọdé.