Dáṣíbọ́ọ̀dù Láoyè àti Ojú Àjàgbé

Ẹni tó bá gbé Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1994, yóò rántí ọkọ̀ akẹ́rù Láoyè. Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ń kó láti oko wá sígboro. Bó bá ti ń bọ̀ lọ́sàn-án, fèrè rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́, àwọn ìyàwó ilé á sì ti mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé. Ara tuni nígbà náà. Èèyàn lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò títí oúnjẹ á fi jinná, kó sì bá wọn jẹ ẹ́.

Láoyè fẹ́ràn ọkọ̀ yìí púpọ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan ló ń bà á lọ́kàn jẹ́. Oòrùn ti jẹ ẹ́ títí ó fi sán káàkiri, ihò tí wọ́n gbẹ́ láti fi rédíò sí sì ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó rí ọkọ̀ awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ó ń dán, ojú ìsopọ̀ kankan kò hàn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ló kù lẹ́nu Láoyè.

Àjàgbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ń fi fáíbà tún ara ọkọ̀ ṣe. Òun ni Láoyè lọ bá pé kí àwọn jọ ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù náà. Fáíbà yìí dà bí aṣọ funfun, ṣùgbọ́n okùn dígí tínńtínní ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á fi oje kan tí wọ́n ń pè ní résìn kùn ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ po oògùn tó ń mú résìn gan mọ́ ọn. Bó bá gan tán, wọ́n á fi sánpépà ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀.

Àkókò ọyẹ́ ni. Láoyè kò fẹ́ kí eruku bà lé résìn tútù, ló bá ní kí wọ́n máa ṣe é nínú yàrá tí òun ń kó kòkó sí, kí wọ́n ti fèrèsé pa. Àjàgbé lọ́ra díẹ̀, ó sì gbà. Òórùn résìn gba gbogbo ilé. Orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń rántí ìgbà tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́ lódò.

Nígbà tí wọ́n ń ha á, eruku bò wọ́n bí ẹni tó ti inú àpò fúláwà jáde. Láoyè bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀kẹ́, fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tàwọn ọmọ, ni gbogbo ilé bá ń họra. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó ṣí fèrèsé. Láoyè ní iṣẹ́ ti fẹ́ parí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kùn ún kẹ́yìn, ìdérí ìgò oògùn náà le. Àjàgbé fún ìgò mọ́wọ́, ìdérí fò yọ, oògùn náà sì ta sí i lójú ọ̀tún. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń ké pé ojú òun ń jó.

Láoyè sáré gbé epo pupa. Ìyá ọlọ́mọ kan ládùúgbò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fún omi ọmú sí i. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà nìyẹn.

Àmọ́ Abọ́sẹ̀dé, àbúrò Àyọ̀kẹ́, wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, láti àdúgbò Mayfair ló ti wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gba epo lọ́wọ́ Láoyè.

“Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ọmú sí i. Omi nìkan ni. Ẹ gbé gbogbo omi tó mọ́ tó wà nílé wá.”

Wọ́n gbé Àjàgbé síta, wọ́n fi orí rẹ̀ dẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún kí omi má baà ṣàn wọ ojú kejì. Abọ́sẹ̀dé la ìpéǹpéjú rẹ̀, Àyọ̀kẹ́ ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, Àjàgbé ní ó tó.

“Kò tíì tó, Bọ̀dá Àjàgbé. Bí a bá dáwọ́ dúró báyìí, èyí tó kù nínú rẹ̀ á máa jẹ ojú yín lọ. Ẹ fara dà á.”

Láoyè di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Omi inú àmù tán, àwọn aládùúgbò ń gbé tiwọn wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni takisí tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, Abọ́sẹ̀dé sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè rí i. Dókítà sọ fún wọn pé omi yẹn ló gba ojú náà là.

Nígbà tí ara Àjàgbé balẹ̀, Abọ́sẹ̀dé pe àwọn méjèèjì jókòó.

“Òórùn tó ń kọ́ yín lóòyì yẹn, májèlé ni. Eruku tí ẹ ń fà símú, dígí ni. Iṣẹ́ yín dára, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí ẹ ti máa ṣe é.”

Ìta ni wọ́n ti parí rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n bo ojú, wọ́n bo imú, wọ́n ń fi omi rin sánpépà kí eruku má baà fò. Dáṣíbọ́ọ̀dù náà dán tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń wá fọwọ́ pa á. Láoyè ti di olóògbé báyìí, wọ́n sì ti ta ọkọ̀ náà. Àjàgbé ti darúgbó, oòrùn gangan kò bá ojú ọ̀tún rẹ̀ lára mu, ṣùgbọ́n ó ń fi ojú méjèèjì wo àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ wa, ẹ má ṣe po résìn nínú yàrá títì, ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ iná tàbí sìgá. Ẹ fi awò bo ojú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ohun tí ẹ fi bo imú lè gba eruku, kò sọ pé òórùn kò ní wọlé, nítorí náà ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Bí kẹ́míkà bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ó kéré tán fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọkọ̀ ní sípíà páàtì, ojú kò ní.